Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sùn nínú mọ́tò, ẹ lajú yín o! Láti Èkó dé Ìdànrè, ẹwà ilẹ̀ wa kọjá ohun téèyàn ń fi fóònù nìkan wò

Bí mọ́tò bá ti gbéra ní páàkì báyìí, kì í pẹ́ rárá tí orí àwọn èrò inú ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó tí ẹnikẹ́ni kò lùlù ẹ̀. Ẹni kan á forí ti gíláàsì, ẹni kan á forí lé èjìká ẹni tí kò mọ̀ rí, itọ́ á sì máa dà lẹ́nu ẹlòmíràn. Èyí tí kò sùn ńkọ́? Fóònù ló tẹjú mọ́, fíìmù tó ti wò tán l'Ékòó ló tún ń wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí wọ́n á bá fi lajú, dírẹ́bà ti ń pariwo pé kí àwọn tó ń sọ̀ l'Ákùúrẹ́ máa múra. Òkè, odò, igbó, àpáta, oko kòkó, gbogbo ẹ̀ ti lọ lẹ́yìn wọn. Wọ́n sanwó ọkọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ààbọ̀ ohun tí wọ́n sanwó ẹ̀ ni wọ́n rí gbà.

Ká sòótọ́, ẹ̀bi wọn kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin òru lójoojúmọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, tó jẹ́ pé orí ìdúró ló ti ń jẹun àárọ̀, bó bá rí àga tó rọ̀ díẹ̀ jókòó sí, oorun ló máa kọ́kọ́ wá kí i. Ohun tó ń ṣeni ní kàyéfì ni pé ẹni yìí kan náà lè fi odidi alẹ́ wo fọ́tò Dubai lórí fóònù, kó máa mí kanlẹ̀ pé àwọn kan ń jayé orí wọn. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ẹ̀ ló wà.

Àwọn kan tún wà tí tiwọn yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í sùn ní tiwọn. Bí wọ́n bá ti rí òkè kan báyìí, wọ́n ti gbé fóònù sókè. Wọ́n lè ya ọgọ́rùn-ún fọ́tò láàárín wákàtí kan, ojú tiwọn ni yóò sì wà níwájú gbogbo ẹ̀, tí òkè á kàn máa yọjú díẹ̀ lẹ́yìn etí wọn. Bí wọ́n bá délé, tí wọ́n ní kí wọ́n ròyìn ibi tí wọ́n lọ, "Ibẹ̀ dáa gan-an ni" ni gbogbo àlàyé wọn. Ẹni tó sùn àti ẹni tó ya fọ́tò títí tí kò ráyè wòran, ọgbọọgba ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan nínú àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò ṣòro láti gbádùn ìran kéèyàn sì tún gbé e wálé. Ohun tó gbà ni pé kí ojú ṣáájú kámẹ́rà. Ọ̀nà kan wà tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó lè fi dán an wò bó bá gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin péré: kó wọ rélùwéè lọ sí Abẹ́òkúta, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìbàdàn, kó wá wọ mọ́tò gba Ifẹ̀ àti Iléṣà lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kó sì parí ẹ̀ sí Ìdànrè lẹ́yìn Àkúrẹ́. Kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè físà.

Ojú fèrèsé rélùwéè

Ọdún 1901 ni rélùwéè ayé àwọn òyìnbó amúnisìn ti dé Ìbàdàn láti Èkó. Èyí tuntun tó wà níbẹ̀ báyìí, oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Kìlómítà 157 ni gígùn ẹ̀. Láti Alágòmejì ní Yábàá, ó ń gba Agége, Agbádó, Kájọlà, Papalantó, Abẹ́òkúta, Olódó àti Ọmí-Adìó kó tó dé Mọ́níyà n'Íbàdàn. Fún ẹni tó fẹ́ wòran, kò sí ọkọ̀ tó dà bí ẹ̀. Kì í yà sọ́tùn-ún yà sósì nítorí kòtò, kò sí lọ́rí tó máa dínà mọ́ yín lójú, ẹ kò sì ní í máa bẹ dírẹ́bà pé kó rọra sáré.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ibi tí oòrùn wà kí wọ́n tó jókòó. Láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni oòrùn máa wà bí ọkọ̀ bá ń ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá jókòó sí ọ̀tún, oòrùn á máa gún un lójú, fọ́tò tó bá sì yà á funfun báláú. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí. Nírọ̀lẹ́ tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ wá s'Ékòó, oòrùn á ti bọ́ sí ìwọ̀, ọwọ́ òsì náà ló tún dáa. Bí nọ́ńbà orí tíkẹ́ẹ̀tì yín bá gbé yín sí ọ̀tún, ẹ bẹ ẹni tó fẹ́ sùn kó bá yín ṣe pààrọ̀. Kò ní kọ̀. Kí ló fẹ́ fi fèrèsé ṣe?

Gíláàsì yẹn kò ṣeé ṣí. Bẹ́ ẹ bá gbé fóònù jìnnà sí i, ojú yín àti iná inú ọkọ̀ ló máa hàn nínú fọ́tò. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ tó mọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù yín, nítorí òróró ọwọ́ àti àtíkè ló máa ń mú kí fọ́tò rí bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù kan gíláàsì náà pẹ́kípẹ́kí. Ohun tó wà lẹ́bàá ojú irin gan-an á máa sáré kọjá, kò ní ṣeé yà. Ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ má sì fi ìka méjì fà á kó lè tóbi, nítorí lórí ọ̀pọ̀ fóònù, fífà yẹn kì í mú nǹkan sún mọ́, ńṣe ló máa ń jẹ́ kó rí jákujàku.

Kí lẹ máa rí? Láti Agége dé Agbádó, ẹ̀yìnkùlé Èkó ni. Iwájú ilé lèèyàn máa ń tún ṣe fún ẹni tó ń gba títì kọjá, àmọ́ ojú irin ń gba ẹ̀yìn kọjá ni tiẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí aṣọ tí wọ́n sá, àgbá omi, ilé tó ti dé lẹ́ńtẹ̀ẹ̀lì tí owó tán, mẹ́káníìkì tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, àtàwọn ọmọdé tó ń juwọ́ sí ẹni tí wọn kò mọ̀. Kò sí káàdì àwòrán Èkó kankan tó ní èyí nínú. Bó bá ṣe díẹ̀, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ á gba ipò wọn.

Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé sàkáání Papalantó, ó sì nídìí. Yanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ ilẹ̀ náà, láti ìgbà tí òkun ti bo apá ibẹ̀ láyé àtijọ́. Òkúta ẹfun yìí ni wọ́n ń wà fi ṣe sìmẹ́ńtì, ìdí sì nìyẹn tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì fi wà ní Ewékorò láti ọdún 1960. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ á yí padà lójú yín. Òkúta ràgàjì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí láàárín oko, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí erin tó dùbúlẹ̀. Irú àpáta yìí ló tò lọ títí dé Ìdànrè. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta sọ pé ó tó nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún tí púpọ̀ nínú wọn ti wà. Ẹni tó bá sùn láti Agbádó lọ, kò ní mọ̀ pé òun ti kúrò nínú ayé kan bọ́ sí òmíràn.

Lórí Olúmọ

Ibùdó rélùwéè Abẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi sọrí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, kò sí láàárín ìlú gan-an, takisí lẹ máa wọ̀ dé ìdí Olúmọ. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé ibẹ̀ nígbà tí ogun ń lé wọn kiri, abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n sì fi ṣe ibi ìsádi. Bẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ ẹ̀, àwọn tó ń mú àlejò kiri máa fi àwọn ihò kéékèèké hàn yín lára òkúta, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń lọ nǹkan oúnjẹ lásìkò ogun. Kò fani mọ́ra lójú fọ́tò, ihò lásán ló máa jọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú méjì, tó fọwọ́ kàn án, tó rò ó pé ìyá ọlọ́mọ kan bẹ̀rẹ̀ síbí, tó ń lọ àgbàdo, tí kò mọ̀ bóyá ọkọ òun máa padà wálé lálẹ́, kò lè gbàgbé ẹ̀ mọ́.

Òkè Olúmọ ga ní mítà 137 sókè ìpele òkun. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe lọ́dún 2006, wọ́n fi àtẹ̀gùn tuntun àti ẹ̀rọ agbénisókè kún un, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá le, ojú ọ̀nà àárín àpáta àtijọ́ ni kó gbà. Bẹ́ ẹ bá dé ṣóńṣó, gbogbo Abẹ́òkúta á tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín: páànù tó ti dípẹtà tó pọ́n bí ilẹ̀, òrùlé aláwọ̀ búlúù àti pupa ti àwọn ilé ìgbàlódé láàárín wọn, ilé ìjọsìn, mọ́ṣáláṣí, àti odò Ògùn tó ń gba àárín ìlú lọ. Àwọn páànù pípọ́n yẹn ń dín kù bí wọ́n ṣe ń kọ́lé tuntun. Ẹni tó bá ń yà á lónìí, nǹkan tí ọmọ ẹ̀ lè má bá mọ́ ló ń yà.

Àmọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó fa fóònù yọ. Ọ̀mọ̀wé kan, Linda Henkel, ní Yunifásítì Fairfield l'Amẹ́ríkà, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí. Ó ní kí wọ́n ya fọ́tò àwọn nǹkan kan níbẹ̀, kí wọ́n sì kàn wo àwọn tó kù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rántí. Ẹ gbọ́ ohun tó rí, tó gbé jáde lọ́dún 2014: àwọn nǹkan tí wọ́n yà ni wọn kò rántí dáadáa! Ó dà bí ẹni pé ọpọlọ wọn ti sọ fún ara ẹ̀ pé kámẹ́rà á bá òun tọ́jú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ní kí wọ́n ya ibì kan pàtó lára nǹkan náà, bóyá ẹsẹ̀ ère tàbí ọwọ́ ẹ̀, ìgbàgbé yẹn kò ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí mìíràn tún gbé tiwọn jáde. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n gbà láyè láti fúnra wọn yan ohun tí wọ́n fẹ́ yà, ohun tí wọ́n fojú rí yé wọn ju ti àwọn tí kò ní kámẹ́rà lọ, àmọ́ ohun tí wọ́n fetí gbọ́ níbẹ̀ ni wọ́n gbàgbé. Ẹ rí i pé ìwádìí méjèèjì kò ta kora. Fọ́tò nìkan kọ́ ló ń fa ìgbàgbé. Ó jọ pé yíyà láìyàn wà lára ohun tó ń fà á.

Èyí túmọ̀ sí pé lórí Olúmọ, ẹ kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ yín. Ẹ tẹ́tí sí ìró ìlú: ọkàdà, ìpè àdúrà, aago ṣọ́ọ̀ṣì, ariwo ọjà Ìtòkú níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ. Ẹ wá bi ara yín pé nínú gbogbo èyí, èwo ló wù mí jù? Ẹ ya ìyẹn. Fọ́tò mẹ́ta tẹ́ ẹ yàn sàn ju ọgọ́ta tẹ́ ẹ kàn gbọ́n sílẹ̀ lọ.

Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kò mọ ẹni tó ń ya fọ́tò

Bẹ́ ẹ bá kúrò n'Íbàdàn lọ sí Ifẹ̀, mọ́tò máa gba orí omi Aṣẹ́jírẹ kọjá, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun tí ará Ìbàdàn ń mu. Ìran náà kì í pẹ́ lójú, ẹ má fi wá kámẹ́rà kiri inú báàgì, ẹ kàn wò ó. Kò pẹ́ sí i, àwọn tó ń ta dòdò Ìkirè á ti dé ojú fèrèsé. Lẹ́yìn Ifẹ̀ ni òkè á bẹ̀rẹ̀, kòkó àti obì á máa ki sí i, ọ̀nà á sì máa wọ́ bí ejò títí ẹ ó fi kọjá Iléṣà.

Bẹ́ ẹ bá ti Iléṣà ń lọ sí Àkúrẹ́, Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà wà lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já bọ́ láti orí òkè. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ló kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tẹ̀dó sí. Ìpele méje ni omi náà ní. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn láti dé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń dúró sí. Àwọn tó bá gun òkè náà dópin, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè n'Ípìnlẹ̀ Èkìtì ni wọ́n máa yọ sí.

Ibí yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Lásìkò òjò ni omi yìí máa ń kún, tí ariwo ẹ̀ máa ń dún bí ọkọ̀ òfúrufú, tí fọ́tò ẹ̀ sì máa ń rẹwà jù. Àsìkò yẹn gan-an ni àpáta ibẹ̀ máa ń yọ̀ jù, nítorí eéwo omi bò ó. Ọ̀dọ́ kan á bọ́ bàtà, á gun òkúta, á kọ ẹ̀yìn sí omi, á na fóònù síwájú, á máa rọra fẹ̀yìn rìn kí gbogbo omi náà lè wọ inú fọ́tò. Ẹsẹ̀ kan péré ló kù kó jìn sí kòtò.

Kì í ṣe àsọdùn. Àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Íńdíà ṣa ìròyìn jọ káàkiri àgbáyé, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 2018. Wọ́n ní láàárín oṣù Kẹwàá ọdún 2011 sí oṣù Kọkànlá ọdún 2017, èèyàn 259 ló kú níbi tí wọ́n ti ń ya ara wọn ní fọ́tò. Omi ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, lẹ́yìn náà ọkọ̀ àti rélùwéè, lẹ́yìn náà àwọn tó já bọ́ láti ibi gíga. Àwọn tó dé etí ìgbọ́ oníròyìn nìkan lèyí. Àwọn òbí tó sin irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè iye èèyàn tó fẹ́ràn fọ́tò náà.

Nítorí náà, ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn yà yín. Ẹ sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya ẹyọ kan," kẹ́ ẹ sì dúró síbi tó gbẹ tẹ́ ẹ ti kọjú sí ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù wé fóònù yín, nítorí ìkùukùu omi máa ń ta sí i. Bí òjò bá ti ń ṣú lórí òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Omi lè kún láti òkè kí ẹ tó rí i nísàlẹ̀.

Ìdànrè: ẹ máa bojú wẹ̀yìn

Láti Àkúrẹ́, ìrìn kúkúrú ló kù. Ẹ ó ti máa rí àwọn òkè náà kẹ́ ẹ tó rí ìlú, wọ́n dúró gbagidi yí ilé ká bí àgbà tó wá síbi ìpàdé. Ìlú kòkó ni Ìdànrè, àmọ́ láyé àtijọ́, orí òkè ni gbogbo wọn ń gbé. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ máa gùn. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kì í sì í ṣe tìtìjú kéèyàn jókòó níbẹ̀. Àṣìṣe tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ń wò títí wọ́n fi dókè. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, ẹ yíjú padà, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹyọ kan láti ibẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tò wọ́n délé, ẹ máa rí i bí ìlú ṣe ń kéré, bí òkè tó wà lódìkejì ṣe ń ga sí i. Ìtàn ni fọ́tò bẹ́ẹ̀ máa sọ.

Aago méje àárọ̀ ló dáa kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́, òjìji á jẹ́ kí ara òkúta hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ara yín náà kò ní gbóná. Lọ́sàn-án gangan, àpáta á rí bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Ẹ má sì gbàgbé ọyẹ́. Láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, eruku láti aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń bo ojú ọ̀run, òkè tó wà nítòsí á dà bí ẹni pé aṣọ fèrèsé bò ó. Àwọn tó fẹ́ ríran jìnnà, ọjọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tán ni wọ́n máa ń gùn ún, àmọ́ wọ́n á jẹ́ kí àtẹ̀gùn gbẹ ná.

Lókè lọ́hùn-ún, ẹ máa rí ààfin Ọwá ti àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìgbà náà, kóòtù àti ibi tí wọ́n ń ti ẹlẹ́ṣẹ̀ mọ́. Wọ́n máa fi ipasẹ̀ Agbóògùn hàn yín lára òkúta, èyí tí wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà ń bá mu. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tán kẹ́ ẹ tó yà á, nítorí bẹ́ ẹ bá yà á láìgbọ́, kòtò kékeré kan lára òkúta ni yóò jẹ́ títí láé.

Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri àwọn ilé yẹn. Òjò ọdọọdún ló ń jẹ díẹ̀ nínú wọn. Fọ́tò tí ẹnì kan yà lónìí pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún lè jẹ́ ẹ̀rí tí wọ́n máa fi tún ògiri náà mọ lọ́la. Ẹ wo Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní Paris lọ́dún 1902, tí àwọn baba tẹ̀ nífá tí wọ́n sì sọ ní Fátúnmbí. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ya fọ́tò àwọn Yorùbá ní ilẹ̀ wa àti ní Benin, ó tún ya àwọn ìran wa tó wà ní Bàháyà ní Brazil, níbi tó kú sí lọ́dún 1996. Fíìmù fọ́tò tó fi sílẹ̀ ní Salvador lé ní 60,000. Ọjà, aṣọ, ilé àti ojú àwọn èèyàn tó ti lọ wà nínú ẹ̀, tí kì bá sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe rí mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí ni kámẹ́rà ń yà

Bí ọ̀rọ̀ bá kan èèyàn, ẹ tọrọ àyè. Ìyá tó ń ta àgbàdo lẹ́bàá títì kì í ṣe igi. Ẹ kí i, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ wá sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè yà yín?" Bó bá kọ̀, ó ti kọ̀ nìyẹn. Ojúbọ, orò àti àwọn ibi mímọ́ nílò ìyọ̀ǹda, ẹni tó ń mú yín kiri ló mọ èyí tí wọn kì í yà. Ibòmíràn sì wà tí wọ́n ti máa ń gba owó kámẹ́rà lọ́tọ̀, ẹ béèrè lẹ́nu géètì kó má di ìjà nínú ọgbà.

Òfin náà tún wà ńlẹ̀. Bárékè ológun àti àwọn ibi ààbò ìjọba kò ṣeé yà láìgbàṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fò dróònù ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba ìwé láti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò àti lọ́dọ̀ àjọ NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfúrufú. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù rárá, bí òkè ṣe wù kó rẹwà tó. Kò sì bọ́gbọ́n mu kéèyàn páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀ nínú igbó nítorí fọ́tò. Ọ̀nà wa kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé fọ́tò ibi tẹ́ ẹ wà síta fáyé rí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń rí ìjàǹbá ọkọ̀ tí wọ́n ń yà á. Ẹni tó ń jẹ̀rora kì í ṣe ìran wíwò. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122. Ohun tó yẹ kí fóònù ṣe nírú àkókò yẹn nìyẹn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá délé, iṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ fọ́tò ìgbà àwọn òbí wa ṣì wà nínú álíbọ́ọ̀mù títí dòní, tiwa tó wà nínú fóònù ti bá fóònù lọ lọ́wọ́ olè l'Óṣòdì. Ẹ yan mẹ́wàá péré nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ yà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ayafọ́tò àdúgbò kó tẹ̀ ẹ́ síta fún yín lórí ìwé. Ẹ kọ ọjọ́, ọdún àti orúkọ ibẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi han àwọn ọmọ, àwọn tí wọ́n bí s'Ékòó tí wọn kò mọ̀ pé òkè ń bẹ nílé bàbá wọn. Ìbéèrè tí wọ́n bá máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Dádì, ìgbà wo la máa lọ?" Ẹ ti mọ ọ̀nà báyìí. Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ jókòó sí o!